Kí A Tó Bora, Kí Ni A Tẹ́?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé! Mo ní ìjà kan tí mo fẹ́ jà. Kì í ṣe ìjà kùmọ̀ àti àdá, ìjà ẹnu lásán ni. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ara mi ni mo máa kọ́kọ́ bá jà, torí mo wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ rántí ìpàdé wa tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n wà ní ọdún ìkẹyìn dìde, wọ́n ka àròkọ kan fún wa. Wọ́n ní àwọn wo fídíò kan lórí fóònù. Òyìnbó kan wà nínú igbó lóhùn-ún ní Amẹ́ríkà, ó so hámọ́ọ̀kì mọ́ igi méjì, ó wọ inú rẹ̀, ó fẹ́ sùn. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ ọkùnrin yìí tún ní kúbùsù ńlá kan. Kò fi bora o. Kò sì tẹ́ ẹ sínú hámọ́ọ̀kì. Abẹ́ hámọ́ọ̀kì, lóde, ló so ó mọ́, níbi tí kò ti kan ara rẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n wa bá béèrè pé, "Ta ló ń wọ aṣọ fún? Ṣé atẹ́gùn ni àbí èèrà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá parí ọ̀rọ̀ wọn báyìí: ẹni tí òtútù bá ń mú, kó fi aṣọ kún aṣọ, owó ló ń yọ òyìnbó lẹ́nu tó fi ń daṣọ bo atẹ́gùn, ọmọ Yorùbá tó bá sì ní òtútù ń mú òun nílẹ̀ yìí, ọ̀lẹ ni. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣílẹ̀kùn yàrá wa, mo bá ẹnì kan tó ń tẹ́ páálí sílẹ̀ láàárín búńkì méjì, tó fẹ́ sùn. Ó bi mí pé, "Kí lẹ kà lónìí?" N kò lè dá a lóhùn. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ hámọ́ọ̀kì ná, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa ti ṣìnà, ibẹ̀ náà ni gbogbo wa ti tẹ̀ lé wọn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa wò tí wọn kò rí

Hámọ́ọ̀kì kò ju aṣọ lọ. Aṣọ gígùn ni, wọ́n á ká a jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ igi méjì, àárín rẹ̀ á wá rọ̀ sísàlẹ̀ bí inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn nínú igbó fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀nà kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail, láti Georgia títí dé Maine. Ó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá, ó sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3,500. Orí òkè ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Òkúta àti gbòǹgbò kún ilẹ̀, ibi tó tẹ́jú fún àgọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n igi kò wọ́n. Ẹni tó bá ní hámọ́ọ̀kì ti bọ́ lọ́wọ́ òkúta, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ tútù, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gbàrá.

Àmọ́ ohun tó gbé e kúrò nílẹ̀ náà ló gbé e fún atẹ́gùn. Ẹni tó sùn sílẹ̀, òkè nìkan ni atẹ́gùn ti lè bá a. Ẹni tó sùn sínú hámọ́ọ̀kì, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lókè, ó ń fẹ́ ẹ lábẹ́. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti gbogbo atẹ́gùn inú igbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi ń sọ pé kò dìgbà tí yìnyín bá bọ́. Bí òru bá ti tutù dé nǹkan bíi 20°C, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fi nǹkan kan sábẹ́ á ti máa mọ̀ ọ́n lára. Ìdí ló sì máa ń kọ́kọ́ tutù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn gan-an ní orúkọ fún un lédè tiwọn: òtútù ìdí.

Ẹ gbọ́, 20°C ni mo pè o. Òru ọyẹ́ tiwa níbí ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá.

Ẹnì kan á ní, "Kó kúkú tẹ́ kúbùsù náà sínú hámọ́ọ̀kì, kó sùn lé e." Ìbéèrè tó dára ni, èmi náà bi ara mi. Ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Kí ló ń mú kúbùsù móoru? Kúbùsù kì í ṣe iná. Kò ní ooru kankan tirẹ̀. Ooru ara yín ni kò jẹ́ kó lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú rẹ̀, tí kò rí ọ̀nà sá, òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo adìẹ láàárọ̀ ọyẹ́: ṣé ó máa ń lọ wá aṣọ kún aṣọ ni? Rárá. Ó máa ń wú ìyẹ́ rẹ̀ ni, tí á fi tóbi ju ara rẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á sì há sáàárín ìyẹ́ náà. Adìẹ kò lọ sí yunifásítì, àmọ́ ó mọ̀.

Ó dáa. Ẹ wá mú ìrọ̀rí tí wọ́n fi òwú àràbà ṣe, ẹ jókòó lé e. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀? Ó ti jáde. Ó ti di pẹlẹbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kúbùsù tí èèyàn bá sùn lé nínú hámọ́ọ̀kì. Ìwọ̀n ara rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ pa. Apá tó wà lókè á ṣì wú, á sì móoru. Apá tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn àti ìdí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á ti di bébà. Ó lè fi mẹ́ta bora, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì máa tutù.

Ohun tí òyìnbó inú fídíò ṣe nìyẹn tí a fi rẹ́rìn-ín. Kúbùsù abẹ́ tó so mọ́ ìta yẹn, ara rẹ̀ kò sinmi lé e, kò sì lè tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, ó há, kò lọ síbì kankan. Kúbùsù tí kò kan ara rẹ̀ ló ń gba ara rẹ̀ là.

Ó sì ní bí wọ́n ṣe ń so ó. Bí ó bá rọ̀ jù, àlàfo á wà láàárín òun àti hámọ́ọ̀kì, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ wọlé, á gbá gbogbo ooru lọ, ó sì sàn kó má so nǹkan kan. Bí ó bá le jù, òun náà á tẹ̀ pẹlẹbẹ, àfẹ́kù ni. Ó gbọ́dọ̀ fara mọ́ abẹ́ hámọ́ọ̀kì bí ọ̀já ṣe ń fara mọ́ ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀: kó má fún un pa, kó má sì jẹ́ kó já bọ́. Orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé, kí atẹ́gùn má gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọlé. Wọ́n máa ń fi ìyẹ́ gọ́ọ̀sì tàbí ti pẹ́pẹ́yẹ kún òmíràn. Ìyẹn fúyẹ́, ó sì móoru, àmọ́ bí omi bá ti kàn án, ó parí. Wọ́n máa ń fi òwú àtọwọ́dá kún òmíràn. Ìyẹn wúwo jù ú lọ, àmọ́ ó ṣì ń ṣe díẹ̀díẹ̀ bó tilẹ̀ tutù. Ẹni tí kò lówó kúbùsù abẹ́ á tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sínú hámọ́ọ̀kì, torí fóòmù kì í tẹ̀ bí ìyẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ohun yòókù tó kàn: kí wọ́n ta tapólì lókè láti dí ojú atẹ́gùn, kí wọ́n bọ́ aṣọ tí òógùn ti rẹ, kí wọ́n wọ gbígbẹ, kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n lọ tọ̀ kí wọ́n má baà máa jí lóru. Ìbora náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbora kò lè ṣe iṣẹ́ ìtẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe mọfọ́lọ́jì, ẹ bá mi wò ó. *Tẹ́* ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa. A fi *ì-* kún un, ó di *ìtẹ́*. Ọba ní ìtẹ́. Ẹyẹ ní ìtẹ́. Ẹ wo ẹyẹ dáadáa: kì í hun ìbora. Ohun tó máa wà lábẹ́ rẹ̀ àti lábẹ́ ẹyin rẹ̀ ló ń hun. Èdè wa ti mọ ohun tó ṣe kókó kí ẹ̀gbọ́n wa tó kọ àròkọ wọn.

"Nǹkan òyìnbó ni"

Èyí ni apá kejì ìjà mi. Wọ́n ní nǹkan òyìnbó ni hámọ́ọ̀kì, pé òyìnbó ló lówó fún irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, òyìnbó kọ́ ló ṣe é. Àwọn ẹ̀yà Taíno, onílẹ̀ àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ń sùn sínú rẹ̀ kí Christopher Columbus tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1492. Èdè wọn ni orúkọ náà ti wá. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn òyìnbó ti rí i tí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ ojú omi wọn fún àwọn atukọ̀ láti máa sùn sí.

Ní 1500, ọkọ̀ Pedro Álvares Cabral gúnlẹ̀ sí etíkun ibi tí à ń pè ní Bahia lónìí, ní Bràsíl. Akọ̀wé kan wà pẹ̀lú wọn, Pero Vaz de Caminha, ó kọ lẹ́tà gígùn ránṣẹ́ sí ọba Pọ́túgà. Ó sọ nípa ilé àwọn onílẹ̀, pé ọgbọ̀n sí ogójì èèyàn ló ń gbé inú ilé kan, pé òpó wà nínú ilé, àti pé wọ́n so ibùsùn mọ́ àwọn òpó náà lókè. Ó pe ibùsùn náà ní *rede*, tó túmọ̀ sí àwọ̀n lédè rẹ̀, orúkọ náà ni wọ́n sì ń pè é ní Bràsíl títí dòní. Akọ̀wé yìí tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí: ó ní abẹ́ ibùsùn náà ni wọ́n ń dáná sí, kí ara wọn lè móoru.

Ẹ tún un kà. Abẹ́ ni. Wọn kò fi aṣọ kún aṣọ. Wọn ò tilẹ̀ ní aṣọ púpọ̀ tí wọ́n máa fi kún un. Wọ́n mọ ibi tí òtútù ń gbà, ibẹ̀ ni wọ́n gbé iná sí. Kúbùsù abẹ́ tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, ọmọ iná yẹn ni.

Àwa náà wà nínú ìtàn hámọ́ọ̀kì, àmọ́ èjìká la fi wà níbẹ̀. Ní Bràsíl ayé ẹrú, kí wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1888, wọ́n máa ń so hámọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀pá gígùn, ọlọ́lá á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ẹrú á gbé ọ̀pá lé èjìká níwájú àti lẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí náà, nígbà tí Richard Burton láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ lọ kí ọba Dahomey ní 1863, hámọ́ọ̀kì ni wọ́n fi gbé e láti Ouidah gba ọ̀nà Abomey. Ènìyàn ló gbé e. Àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò kọ ìwé rẹpẹtẹ nípa irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nínú hámọ́ọ̀kì ló kọ ìwé. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò kọ nǹkan kan.

Ìsàlẹ̀ ọrọ̀ lẹ́gbin, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lókè ni ojú ń rí. Ohun tó gbé e dúró, a kì í bèèrè rẹ̀ àyàfi tó bá yẹ̀. Ìyẹn ló mú mi padà sí ilẹ̀ yàrá wa.

Ilẹ̀ yàrá wa

Ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn láàárín búńkì méjì yẹn fún mi láàyè láti sọ ọ́, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun. Squatter ni, bí a ṣe ń pè wọ́n. Kò rí yàrá gbà, kò lówó ilé ìta, a ní kó máa bọ̀. Jínótáìpù rẹ̀ ni SS. Àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde ló ń bá a fínra. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé òtútù jẹ́ ọ̀tá rẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti tẹ̀ bíi dòjé á há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá, ìrora á bẹ̀rẹ̀ nínú eegun.

Ní oṣù kìíní, nínú ọyẹ́ tó kọjá, ìkérora rẹ̀ jí wa lóru. A tanná. A rí i pé ó ká kò. Ẹnì kan nínú wa fa kúbùsù tirẹ̀ bò ó. Èmi náà fa tèmi bò ó. Ó di mẹ́ta pẹ̀lú tirẹ̀. A ró pé a ti ṣe oore. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ kúbùsù láti gbé e dìde, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù bí ẹja inú yìnyín. Òkè ara rẹ̀ ń làágùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ìró ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti simẹ́ńtì.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wo gbogbo kúbùsù tí a wé mọ́ ọn, ó wo ojú wa, ó wá bi wá ní ìbéèrè kan: "Kí lẹ tẹ́ fún un?"

A kò lóhùn. Àwa ọmọ yunifásítì mẹ́ta, akéwì kan wà nínú wa, a kò ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. A ti bora fún un, a ti bora fún un, kò sẹ́ni tó rántí tẹ́ nǹkan kan.

Kò kú o. A dúpẹ́. Àmọ́ ó lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀, ó pàdánù ìdánwò kan, ó sì máa tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Nígbà tó padà dé, a lọ tọrọ páálí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìpápánu lẹ́nu géètì. A tẹ́ ẹ ní ìpele mẹ́rin, a tẹ́ ẹní lé e, a wá tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ kan lé ẹní. Láti ìgbà náà, kúbùsù kan péré ló ń fi bora, ó sì ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí páálí fi ṣiṣẹ́? Ẹ ya páálí kan, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ máa rí bébà kan tó ń lọ wíníwíní bí ìgbì láàárín bébà méjì. Afẹ́fẹ́ há sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò rí ọ̀nà sá. Ọgbọ́n kan náà ni, ti adìẹ, ti kúbùsù abẹ́. N kò sọ pé ilẹ̀ simẹ́ńtì àti hámọ́ọ̀kì jẹ́ ọ̀kan o. Atẹ́gùn ló ń kó ooru lọ lábẹ́ hámọ́ọ̀kì; simẹ́ńtì ní tirẹ̀ ń fi ìfarakàn fa ooru mu, bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbé kúbùsù abẹ́ onífẹ̀ẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ tí ẹ sùn lé e, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ pa ni. Ilẹ̀ ń fẹ́ ohun tó le díẹ̀: páálí, ẹní, fóòmù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ ọjà kan náà ni gbogbo ọ̀nà yẹn wọ̀: ẹ fi ohun tí kò ní tẹ̀ sáàárín ara àti ohun tó ń jí ooru rẹ̀.

Àwọn tó máa dá mi lóhùn

Mo mọ̀ pé wọ́n máa dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n gba díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n á ní, "Squatter rú òfin, kó lọ wá yàrá." Ó dáa. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé àwọn tó ń wá yàrá pọ̀ ju yàrá lọ? Ìjà yàrá ní ọjọ́ tirẹ̀, mo sì ṣe tán láti bá yín jà á. Àmọ́ òtútù kì í wo káàdì ẹni kó tó wọ eegun rẹ̀. Kí a tó yanjú ọ̀rọ̀ òfin, òru ń bọ̀ lálẹ́ òní.

Wọ́n á ní, "Ṣé òtútù ilẹ̀ wa náà lòtútù?" Fún èmi tí ara mi le, tí mo wà lórí búńkì tó ní fóòmù, bóyá kì í ṣe òtútù lóòótọ́. Ẹni tó wà lókè ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n bi ẹni tó wà nílẹ̀.

Wọ́n á ní, "Ẹni tí òtútù bá ń mú, ọ̀lẹ ni." Èyí ló dùn mí jù, torí mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń jí ṣáájú gbogbo wa, ó ń ká páálí rẹ̀ kí a tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kó má baà dí wa lọ́nà. Ọ̀lẹ ni àwa tí a rí ẹ̀yìn rẹ̀ lálaalẹ́ tí a kò fi ọpọlọ wa rò ó pé kí ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn náà. Aṣọ bíbò yá, ó sì wuyì, torí gbogbo èèyàn ló ń rí i: ẹ wò ó, mo da kúbùsù mi bò ó. Ohun tí a bá tẹ́ sábẹ́ èèyàn, bí ó bá ti dùbúlẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́. Bóyá ìdí tí a kì í fi í ṣe é nìyẹn.

Àbá mi

Èmi kò kọ èyí kí a lè pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní àbá mẹ́ta tí mo máa gbé síwájú ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá.

Èkíní, kí olúkúlùkù wa wo ilẹ̀ yàrá rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ẹnì kan bá ń sùn sílẹ̀, kí a bi í ní ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn kí ọyẹ́ tó bi í. Bí ó bá jẹ́ ìró kan ṣoṣo ló tẹ́, kí a lọ tọrọ páálí lọ́la. Páálí gbígbẹ ni o. Èyí tí omi ti kàn kò wúlò.

Èkejì, ìwé ìròyìn wa yìí tí à ń ṣe fótókọ́pì rẹ̀, tí à ń tà, kí a yọ owó ìtẹ̀jáde kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ra ẹní àti fóòmù pẹlẹbẹ. Kí a gbé e fún àwọn tó ń sùn sílẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tí àìsàn bíi ti ọ̀rẹ́ mi ń bá jà. Mo mọ̀ pé owó náà kò pọ̀. Bí ó bá ra mẹ́ta, ẹ̀yìn mẹ́ta ti bọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin akéwì, kí a sinmi ṣíṣe yẹ̀yẹ́ ohun tí a kò tíì wo abẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ya ẹnu wa ló jẹ́ ìwà òmùgọ̀. Òyìnbó inú fídíò yẹn mọ ibi tí òtútù ń gbà. Àwọn onílẹ̀ Bahia mọ̀ ọ́n ní 1500. Adìẹ mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Àwa nìkan la rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bínú sí mi. Ọmọdé ni mí sí yín, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ewì kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ wá sùn sí yàrá wa lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ bá dé. Ẹ kó kúbùsù mẹ́ta dání. A máa ká páálí kúrò fún yín, ọ̀rẹ́ mi á gun búńkì mi, ẹ̀yin á sùn síbi tó ń sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wá tún àròkọ yẹn kà fún wa, a ó tún pàtẹ́wọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín kí n tó gbé bírò mi sílẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ náà tutù o.